Àgbò Tó Dẹ́rù Ba Ilé Wa

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú bírò, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti máa mi orí. Ẹ ṣáà máa kà á lọ bí ẹni tó ń gbọ́ irọ́ aládùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé fíìmù wo ló dẹ́rù bà mí jù láyé, tí kò sì kúrò lọ́kàn mi títí di òní, mi ò ní dárúkọ èyí tí òkú ti ń jókòó jẹun, tàbí èyí tí ìkókó ti ń fi ohùn àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Ti àgbò ni màá sọ. Àgbò kan, okùn kan, àti ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín níwájú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn ń ràn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ fi orin sí i. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí a wò ó, àgbàlagbà ọkùnrin kan fo ògiri ẹ̀yìnkùlé wa sá lọ, ó sì fi bàtà rẹ̀ kan sílẹ̀. Bàtà náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Mo ti wọ̀ ọ́ wò, kò bá mi mu.

Ilé ẹbí ni ilé wa, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù tí wọn ò tíì wó láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́rin. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló gba àárín rẹ̀ kọjá, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ẹ̀yìn pátápátá. Ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni sàréè bàbá tó kọ́ ilé náà wà. Táìlì funfun ni wọ́n fi bò ó, ó sì ga tó àga. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á kọ́kọ́ fẹ́ padà sẹ́yìn. Ní ti àwa tí wọ́n bí síbẹ̀, orí rẹ̀ la ti ka ìwé, orí rẹ̀ la ti ṣa ẹ̀wà, kò sì sí ibi tó tutù tó o láti sùn sí lọ́sàn-án nígbà ooru. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ojo ni wá. Bí àwọn tó ń fi sàréè ṣe àga bá ní fíìmù kan ba àwọn lẹ́rù, ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Yàrá tó wà níwájú pátápátá, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ní àdúgbò tiwa, tí àwọn oníṣòwò ti ń wá ibi tí wọ́n á kó ọjà sí bí ẹni ń wá omi, yàrá tó bá kọjú sí títì kì í ṣe yàrá lásán. Ẹ̀gbọ́n mi ò rò ó bẹ́ẹ̀. Ó ń sùn síbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ni, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ń ta ata gbígbẹ àti edé ní ọjà Sandgrouse, tí ahọ́n rẹ̀ sì mú ju ọjà tó ń tà lọ. Wọn ò bímọ. Ó pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn ò sì bí. Ilé wa kì í bú u sí i lójú. Wọ́n kàn máa ń béèrè àlàáfíà ikùn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kí i, títí tó fi di pé ìkíni fúnra rẹ̀ di èébú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi kírun tán, ó jókòó sórí sàréè, ó ní ara òun wúwo, kò sì dìde mọ́. A sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, bí a ti ń ṣe. Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúà, bàbá wa àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí ní kí gbogbo wa dákẹ́. Bàbá yìí ò ríran dáadáa mọ́, etí rẹ̀ sì ti ń di, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì dá ṣáká.

“Ìyàwó yìí á jókòó tákàbà nínú yàrá ọkọ rẹ̀,” ló sọ. “Tó bá jókòó parí, ó ni yàrá náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Tó bá kó ẹrù jáde kó tó parí, yàrá padà sọ́wọ́ ẹbí. Mo ti sọ̀rọ̀ tán.”

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, ṣe àmín. Ó ṣe é sókè débi tí àwọn àlùfáà fi yíjú wò ó. Ohun tí a ò tíì mọ̀ nígbà náà ni pé ó ti fi yàrá náà han ará Ìjẹ̀bú kan tó ń ta léèsì, tó fẹ́ máa kó ọjà rẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tákàbà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó fi ń jókòó sílé. Kò ní lọ sọ́jà, kò ní lé tìróò, kò ní fín lọ́fínńdà. Ìyẹn wà nínú ẹ̀sìn. Èyí tí kò sí nínú ẹ̀sìn ni tiwa: ní ilé wa, opó kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò bá tíì rí ojú rẹ̀. Wọ́n ní òkú a máa padà wá pe ìyàwó rẹ̀, tí obìnrin bá sì dá a lóhùn, á tẹ̀ lé e lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ í bá opó sọ ní láti kọ́kọ́ yọjú sí i lẹ́nu ọ̀nà kó tó la ẹnu. Àlùfáà àdúgbò ti wàásù títí pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ilé wa á ní “Ẹ ṣeun, àlùfáà,” wọ́n á sì máa ṣe é lọ.

Ìṣòro tèmi tún yàtọ̀. Ohùn kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní. Tí mo bá gbé fóònù, ìyá tó bí wa lọ́mọ kì í mọ èwo nínú wa ló ń sọ̀rọ̀ títí ó fi kú. Àǹtí na ìka sí mi lójú lọ́jọ́ kẹjọ náà.

“Ìwọ, o ò gbọdọ̀ la ẹnu lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Tó o bá fẹ́ rí i, pàtẹ́wọ́.”

Bí èmi, tíṣà tó ń fi ẹnu jẹun, ṣe di ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Ìyàwó wa kì í sì í jẹ́ kó lọ lásán. Akọ̀wé ló ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti ń fún àbúrò ọkọ lórúkọ.

“Akọ̀wé mi, ẹ ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń lé adìẹ.”

“Ìwọ náà ló jókòó sójú kan bí adìẹ tó ń sàba.”

“Kí wọ́n ṣáà má béèrè ẹyin lọ́wọ́ mi.” Á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín láìjẹ́ pé inú rẹ̀ dùn.

Oṣù kan kọjá, kò kó ẹrù. Ará Ìjẹ̀bú ń pe Àǹtí lórí fóònù. Ìgbà náà ni Àǹtí gbé tẹlifíṣàn ńlá rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé e ka orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó sì kọjú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà opó. Ó ní kí ìyàwó àbúrò òun má baà máa dá nìkan ro àròkàn ni. Gbogbo ilé yìn ín. Lẹ́yìn ìrun àsárì, ó fi fúláàṣì kan tí wọ́n ti kó fíìmù sí bọ ara tẹlifíṣàn, gbogbo wa jókòó, opó jókòó sínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Fíìmù abanilẹ́rù ni. Lọ́jọ́ kejì, fíìmù abanilẹ́rù ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó yé mi pé àwọn tí òkú ti ń lé alààyè jáde nínú ilé nìkan ló ń yàn.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ti òyìnbó. Tọkọtaya kan ra ilé ńlá nínú igbó, iwin sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Nígbà tí ìyàwó inú fíìmù ń sunkún pé kí àwọn kó jáde, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa bú sẹ́rìn-ín.

“Kó jáde lọ síbo?” Télọ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ọmọ Ẹ̀gbá, ló pariwo bẹ́ẹ̀. “Yàrá mẹ́jọ! Ìwọ obìnrin yìí, o ò mọ iye tí wọ́n ń gba yàrá l'Èkó!”

“Tó bá jẹ́ èmi,” opó sọ láti inú yàrá, “iwin náà á máa dá owó iná pẹ̀lú mi ni.”

Àǹtí ń bó ẹ̀pà. Kò gbójú sókè. “Ìwọ tí wọn ò tíì fún ní yàrá kan, má tíì máa gba àyálégbé.”

Ẹ̀rín gé lẹ́nu wa. Bàbá Àgbà, tó jókòó sórí sàréè bó ti máa ń jókòó, gbé orí sókè. “Ta ló kú?”

“Ẹni tó ni ilé náà tẹ́lẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ó ti kú, ó tún ń pariwo báyìí?”

Bí a ti ń wò ó nìyẹn. Mo sì rí ohun kan kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í dẹ́rù ba ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Ènìyàn tó ti pa àgbò lọ́dọọdún láti kékeré, tí ẹ fi ọ̀bẹ àti ẹ̀jẹ̀ hàn, á kàn sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń dú u. Èyí tó ń mú wa ni èyí tí ohun kan ò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Fíìmù kan wà tí obìnrin kan kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fọ àwo. Àwo kan náà ló ń fọ̀. Ọmọ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, kò yíjú. Mi ò mọ bó ṣe parí, mo ti rántí pé mo fẹ́ ra káàdì fóònù. Èyí tó tún wá le jù ni fíìmù Yorùbá kan, tí ọkọ kan kú, tó sì ń padà wá dúró síbi orí ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo ìdájí, òwú nínú ihò imú rẹ̀ méjèèjì, ó kàn ń wò ó. Télọ̀ fò sókè, ẹ̀pà rẹ̀ dà sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, lọ́sàn-án pàápàá. Àwa náà ò ṣàánú rẹ̀. A á jẹ́ kó wọlé tán, a á fi aṣọ tútù kan án lọ́rùn láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ó jáde láìwọ ṣòkòtò. Àwọn obìnrin ilé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Gbogbo ilé ni ẹ̀rù ń bà, àyàfi ẹni tí wọ́n gbé e wá fún. Òun kàn ń wò. Ó máa ń fà sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á dúró, kò ní ṣẹ́jú. Tó bá parí, á sọ fún Àǹtí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ọkọ mi, ẹ ṣeun. Ṣé kò sí èyí tó le jù báyìí lọ?” Àǹtí á rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín. Èmi pàápàá rò bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí a wo ti olówùú nímú, tó ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn díẹ̀.

“Ibo ló gbà wọlé?” ló béèrè.

“Ta ni?”

“Ọkọ obìnrin yẹn. Mi ò rí ibi tó gbà. Ṣé ẹnu ọ̀nà ni àbí fèrèsé?”

Àǹtí wò ó, ó pòṣé, ó pa tẹlifíṣàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé omi lọ fún un, mo pàtẹ́wọ́, ó ní kí n wọlé. Mo rí i pé ó ti yọ igi tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi dá fèrèsé títì dúró. Fèrèsé kàn ń mì sọ́tùn-ún sósì.

“Ìyàwó wa, olè á wọlé bá ẹ.”

“Kí ló máa jí? Ata?”

“Ẹ̀fọn ńkọ́?”

Ó ń wo títì. “Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n yín, Akọ̀wé. Kì í ní sùúrù láti kan ilẹ̀kùn.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Mo gbé omi sílẹ̀, mo jáde. Àwa ń wo fíìmù kí ẹ̀rù lè bà wá díẹ̀, ká sì rẹ́rìn-ín. Òun ń wò ó bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ó ń wá ọ̀nà tí òkú máa ń gbà wálé, kó lè ṣí i sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Pákó ni wọ́n fi pín yàrá ilé wa, kò sí ohun tí ẹnì kan sọ tí ẹni kejì ò gbọ́. Àǹtí gbọ́. Mo rí i níbi tó jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀pà.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, ará Ìjẹ̀bú aláṣọ léèsì wá fúnra rẹ̀. Àǹtí ló pè é. Ó jókòó sórí àga tó dáa jù, bàtà awọ rẹ̀ ń dán, ó ń fi ojú wọn ẹnu ọ̀nà yàrá iwájú bóyá àpò léèsì á gbà á kọjá. Gbogbo wa jókòó. Bàbá Àgbà wà lórí sàréè. Opó wà ní àyè rẹ̀.

“Àǹtí, fíìmù wo la fẹ́ wò lónìí?” Télọ̀ béèrè. Ó ti mú ìrọ̀rí lọ́wọ́ láti fi bojú.

“Kò ní orúkọ,” ni Àǹtí sọ.

Ó tẹ̀ ẹ́. Iwájú ilé wa ló yọ. Títì wa, gọ́tà wa, fèrèsé yìí gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi sì yọ, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fa àgbò ńlá kan tó rà fún Iléyá ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀. Àǹtí ló fi fóònù ká a sílẹ̀ nígbà náà. Mo ti gbàgbé pé ó wà láyé. Àgbò àti ẹni tó ń fà á, àwọn méjèèjì ti lọ. Àgbò ló kọ́kọ́ lọ, ó sì dùn. Àgbò kọ̀, kò rìn. Ẹ̀gbọ́n mi ń fà á, ó ń rẹ́rìn-ín, àgbò fà á padà, ó fẹ́ ṣubú sínú gọ́tà. Ẹ̀ ń gbọ́ Àǹtí tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn fóònù: “Rọra o! Kí ó má gún ẹ o, ọmọ ìyá mi!” Àǹtí tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ilé, ó sì pe ìyàwó rẹ̀. Òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

“Aláta mi! Jáde wá wò ó!”

Ohùn náà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni pé èmi ni mo sọ̀rọ̀. Àwọn tó jókòó níwájú mi ti yíjú padà wò mí. Mo mi orí pé èmi kọ́.

Nínú fíìmù, ohùn obìnrin kan dáhùn láti inú ilé, ó jìnnà: “Mò ń bọ̀! Ata mi wà lórí iná!”

“Fi ata sílẹ̀! Àgbò yìí fẹ́ pa mí! Aláta mi, jáde wá!”

Ibẹ̀ ni fóònù Àǹtí ti gé e lọ́jọ́ náà. Obìnrin náà ò tíì jáde nígbà tó gé. Tẹlifíṣàn dúdú.

“Mò ń bọ̀,” ni opó sọ.

Ó dìde. Ó jáde láti inú yàrá, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ó gba àárín wa kọjá bí ẹni pé àga lásán ni wá. Kò wo tẹlifíṣàn. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde sí títì.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ròyìn ohun tó tẹ̀ lé e. Obìnrin kan ké “Ó ti jẹ́ ẹ o! Ó ti dá a lóhùn!” Télọ̀ gun orí sàréè, ó dì mọ́ Bàbá Àgbà. Bàbá ń ní, “Ta ló kú? Ta ló kú?” Ará Ìjẹ̀bú dìde, ó fẹ́ sá, àmọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú ni opó gbà jáde, kò sì fẹ́ bá a pàdé. Ó yí sí ẹ̀yìnkùlé, bàtà rẹ̀ kan yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò dúró mú un. A gbọ́ nígbà tó ń gun ògiri. Ara rẹ̀ pọ̀, kò rọrùn fún un.

Èmi tẹ̀ lé opó dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró láàárín títì nínú oòrùn, ó fi abẹ̀bẹ̀ ṣíji bojú, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Obìnrin kan tó gbé ọsàn lérí dúró tì í.

“Màámi, ta lẹ̀ ń wá?”

“Wọ́n ní kí n wá wo àgbò.”

“Àgbò kẹ̀? Iléyá ti lọ tipẹ́.”

Mo fẹ́ pè é wọlé. Mo ti la ẹnu tán kí n tó rántí ohùn tó wà nínú rẹ̀. Kí ni mo lè ṣe? Mo pàtẹ́wọ́. Ó yíjú. Ó wò mí títí, ó sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Akọ̀wé,” ló wí nígbà tó kọjá lára mi, “ẹ má lé mi bí adìẹ mọ́.”

Àǹtí ti dìde nílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. “Gbogbo yín rí i! Ó ti jáde! Bàbá, ó ti jáde kó tó parí tákàbà!”

Wọ́n ti já Télọ̀ kúrò lára Bàbá Àgbà. Bàbá tún fìlà rẹ̀ dé. “Kí ló gbé dání?”

“Ẹ̀ẹ́n?”

“Mo ní tó bá kó ẹrù jáde. Ẹrù wo ló kó?”

A wò ó. “Abẹ̀bẹ̀ ni, Bàbá,” ni mo sọ.

“Ooru mú un, ó lọ gba atẹ́gùn. Ó ti wọlé.” Ó kọjú síbi tí ohùn Àǹtí ti wá. “Ìwọ tí o fẹ́ràn yàrá náà, kò yẹ kí ẹni tí òkú pè dá sùn. Gbé ẹní rẹ lọ bá a níbẹ̀ títí á fi parí.”

Mo ti ń gbé pẹ̀lú Àǹtí láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mi ò tíì rí i kó ṣe kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Kí wọ́n tó pe ìrun mọ́gàrìbì, ó ti di aṣọ sínú báàgì méjì, ó ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí CMS, ó ní ọmọ òun tó wà ní Ajá ní kí òun wá bá a tọ́jú ilé. Òun ló wá padà kó ẹrù jáde. Tẹlifíṣàn nìkan ló fi sílẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú pe fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí pé Àǹtí ò gbé tirẹ̀.

“Ẹ bá mi sọ fún Màdámù pé mi ò gba yàrá mọ́. Èkúté ni mo máa ń bẹ̀rù fún ọjà mi tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń dẹ sí irú eléyìí.”

“Bàtà yín ńkọ́?”

“Ẹ fi ṣe sàráà.”

Bí ìyàwó wa ṣe gba yàrá nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tún bá a dù ú títí di òní. Mo lọ sùn, mo ń fi Àǹtí rẹ́rìn-ín, mo ń ro bí màá ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi. Mo rò pé fíìmù ti parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní ta ló máa gbé oúnjẹ lọ fún un. Àwọn ìyàwó ilé tó máa ń gbé e lọ ń wo ojú ara wọn. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ọ̀kan ní òun ò tíì wẹ̀. Mo fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà títí ó fi sú mi, mo sì gbé e fúnra mi: abọ́ ògì gbígbóná lọ́wọ́ ọ̀tún, àkàrà nínú ìwé lọ́wọ́ òsì. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá iwájú. Ilẹ̀kùn wà ní pípadé. Ọwọ́ mi méjèèjì ti kún, mi ò lè pàtẹ́wọ́. Ògì ń jó mi.

“Ṣí ilẹ̀kùn fún mi o, jọ̀ọ́,” ni mo sọ.

Mo gbọ́ nígbà tí nǹkan kan bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá.

“Mò ń bọ̀!” Ẹsẹ̀ ń sáré lórí síméńtì. “Mò ń bọ̀!”

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Òórùn lọ́fínńdà ló kọ́kọ́ jáde. Ó ti lé tìróò. Ó ti wọ ìró àti bùbá aláró kan tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò tíì rín sí mi rí láyé, ìyá àwọn ọmọ mi pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi.

Nínú gbogbo fíìmù tí Àǹtí gbé wá, ibì kan wà tí ẹnì kan á ti ṣí ilẹ̀kùn, tí á sì rí ojú tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn là ń wò nígbà gbogbo. Kò sí ẹni tó wádìí bó ṣe ń rí fún ojú náà rí.

Ẹ̀rín rẹ̀ ò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó ń wò kọjá èjìká mi sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bóyá ẹlòmíràn wà lẹ́yìn mi. Kò sí.

“Áà,” ló wí. “Ẹ̀yin ni.”

“Èmi ni.”

“Ẹ ṣeun, Akọ̀wé.” Ó gba ògì lọ́wọ́ mi, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó gbàgbé àkàrà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo la ẹnu láti pè é, mo sì tún pa á dé. Mo gbé àkàrà ka orí sàréè, mo sì pàtẹ́wọ́. Kò dáhùn.